Bí Ẹni Tó Jẹ Oòrùn ní Gbèsè

Ọjọ́ Ẹtì, alẹ́.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń sá fún oòrùn bí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè."

Ẹ̀yìn mi lohùn náà ti wá, níbùdókọ̀. Ibòòji òpó tí mo dúró sí ti yẹ̀ díẹ̀, èmi náà sì yẹ̀ tẹ̀lé e. Obìnrin méjì ni wọ́n. Ìkejì rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ. Kò sí ìkà kankan nínú ohùn yẹn, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́ ló ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé e délé. Mo ti jẹun, mo ti wẹ̀, mo ti pa iná yàrá lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tún ti tàn án. Ó ṣì wà létí mi.

Ti ọjọ́ òní ò gùn: mo ṣiṣẹ́ dé ọ̀sán, mo lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ, wọ́n wo èsì àyẹ̀wò tí wọ́n lẹ mọ́ mi lẹ́yìn fún ìgbà ìkẹyìn, mo wọ bọ́ọ̀sì wálé.

Gbèsè. Kí ni mo yá lọ́wọ́ oòrùn tí mi ò san?

Ẹ kúkú mọ bí mo ṣe ń jáde. Akẹtẹ̀ yẹn, aṣọ alápá gígùn, agboòrùn. Ẹ sì mọ ọ̀rọ̀ ọrùn mi tó máa ń wú, mi ò ní tún un sọ lálẹ́ yìí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń dá gbogbo ẹni tó bá bi mí lóhùn pé oòrùn ò bá mi lára mu. Mo sọ ọ́ títí ó fi jọ oríkì. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí síbi tí kò sí òrùlé, kó tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti ń wí i.

Lónìí, dókítà fi ìka tẹ ẹ̀yìn mi, wọ́n ní, "Kì í ṣe oòrùn ló ń bá yín jà. Òórùn ni."

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n fi ìka kan imú. "Òórùn. Lọ́fínńdà tó wà nínú ohun tí ẹ fi ń para."

Ohùn ẹnu lásán ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Ọdún mẹ́ta mi wà láàárín wọn.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n lẹ àwọn nǹkan àyẹ̀wò náà mọ́ mi lẹ́yìn. Àwo irin pẹlẹbẹ ni, tó kéré bí bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì, ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: lọ́fínńdà, èròjà tí kì í jẹ́ kí ìpara bàjẹ́, àwọn èròjà sunscreen, ìpara tó ń dá oòrùn dúró, fúnra wọn. Ọ̀wọ́ méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ohun kan náà ló sì wà nínú méjèèjì. Nọ́ọ̀sì fi yíǹkì sàmì yí wọn ká. Lẹ́yìn wákàtí 48, wọ́n ṣí wọn, wọ́n fi aṣọ bo apá òsì, wọ́n tan iná UVA, ọ̀kan nínú ìtànṣán oòrùn tí ojú ò rí, sí apá ọ̀tún, wọ́n ní kí n máa lọ, kí n má jẹ́ kí omi kàn án. Ìdí tó fi jẹ́ méjì nìyí: bó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ ló ń sọ èròjà kan di ọ̀tá mi, apá tí iná tàn sí nìkan ni yóò wú. Bó bá jẹ́ èròjà yẹn fúnra rẹ̀ lara mi ń kọ̀, méjèèjì á wú.

Méjèèjì wú. Ojú kan ṣoṣo ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ibi tí àpòpọ̀ lọ́fínńdà wà. Ibi tí iná nìkan tàn sí, tí kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀, mọ́ tónítóní.

Nọ́ọ̀sì fi fóònù mi yà á fún mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un wò tán ni. Kò pọ́n. Lára awọ dúdú bíi tèmi, pípọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fọwọ́ bà á, tí wọ́n sì ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ó dúdú ju ibi tó kù lọ, ó ga díẹ̀, ó rí róbótó, àwọn kóró wínníwínní sì wà lórí rẹ̀ bíi pé iyanrìn há sábẹ́ awọ. Ohun tó ti ń ṣe mí lọ́rùn nìyẹn, ní kékeré. Mo wò ó bí ẹni ń wo àwòrán olè tó ti ń jí i lẹ́rù tipẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí gan-an. "Unscented", pé kò ní òórùn, ni wọ́n kọ sára ìgò sunscreen mi. Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe rà á. Mi ò mọ̀ pé ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ lè máà ju pé imú ò gbọ́ nǹkan kan lọ. Wọ́n lè fi òórùn kan bo òórùn mìíràn mọ́lẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ dákẹ́ nímú, kí awọ sì máa gbọ́ ọ. "Fragrance-free", pé kò sí lọ́fínńdà nínú rẹ̀, ló yẹ kí n máa wá, kí n tún yí ìgò náà sẹ́yìn, kí n ka èròjà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: parfum, linalool, limonene, gbogbo orúkọ tí lọ́fínńdà máa ń jẹ́. Mo ń fi ohun tí mo pè ní ààbò para, ọrùn mi ń wú, mo sì ń rò pé oòrùn ló já a kọjá. Mo wá ń fi kún un. Ọlọ́run mi. Mo ń fi kún un.

Síbẹ̀, mi ò lè sọ pé oòrùn ò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn. Bàbá kan jókòó tì mí níbi tí a ti ń dúró, àwọn náà wá gba èsì. Tiwọn, apá tí iná tàn sí wú gidi, apá tí wọ́n bò ò ní nǹkan kan. Octocrylene lorúkọ èròjà náà, ọ̀kan nínú àwọn èròjà sunscreen. Dókítà bi wọ́n bóyá wọ́n ti lo jẹ́ẹ̀lì ketoprofen rí fún ìrora. Bàbá ní, "Orúnkún mi ni. Ó pẹ́ tí mo fi ń fi í pa á." Ohun tí wọ́n fi pa orúnkún ló kọ́ awọ ní ìjà tó wá ń bá èyí tí wọ́n fi pa ojú jà, ìgbà tí oòrùn bá sì yọ ni ìjà náà ń bẹ̀rẹ̀. Ó wù mí kí n bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni ti sọ fún àwọn náà rí pé wọ́n jẹ oòrùn ní gbèsè. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Inú mi dùn nígbà tí mo jáde níbẹ̀, kí n má purọ́. Ó dùn dé ibùdókọ̀. Mo ń sọ ọ́ nínú ara mi bí orin: òórùn ni, òórùn ni. Àfi bí mo ṣe gbọ́ gbólóhùn yẹn, tí mo sì rí i pé ẹsẹ̀ mi ṣì ń wá ibòòji fúnra rẹ̀, láìbèèrè lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ tí àbúrò mi gboyè jáde, orí pápá ni wọ́n ti ṣe é. Mo wà nínú yàrá kan lókè, mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé onígíláàsì. Wákàtí mẹ́ta. Ní báyìí mo mọ̀ pé gíláàsì lásán máa ń dá UVB dúró, èyí tó ń jó awọ, àmọ́ púpọ̀ nínú UVA ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ lóòótọ́ ni oòrùn ń lé mi kiri, ibi tí mo sá sí kì í ṣe ibi ìsápamọ́. Àbúrò mi gbójú sókè, ó ń wá mi. Mo juwọ́. Kò rí mi.

Kí n fi ìyẹn sílẹ̀.

Ṣé kí n wá bọ́ akẹtẹ̀ sílẹ̀ ni? Rárá o. Dókítà náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Awọ dúdú ní ààbò tirẹ̀, kì í tètè jó, mo gbà. Ṣùgbọ́n melanin, èròjà dúdú tó ń ṣe ààbò yẹn, òun kan náà ló ń kóra jọ síbi tí awọ ti bínú, tó ń sọ ọ́ di àpá dúdú tó lè lo oṣù lórí oṣù, oòrùn sì ń mú kó pẹ́ sí i. Àwọn tó ń sọ pé awọ tiwa ò nílò nǹkan kan, mo fẹ́ kí wọ́n wo ọrùn mi.

Sunscreen tí wọ́n fi zinc oxide ṣe ni dókítà ní kí n wá, tàbí ti titanium dioxide, méjèèjì kì í sábà bá awọ ẹlẹgẹ́ jà. SPF, nọ́ńbà tó ń sọ bí ìpara ṣe ń dáàbò boni tó, kó jẹ́ 30 ó kéré tán, kí wọ́n sì kọ "broad spectrum" sí i, pé ó ń dá UVA àti UVB dúró, nítorí UVB ni SPF ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù, UVA náà sì ń bẹ. Mo bèèrè bóyá kí n kúkú ra èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù. Wọ́n ní 30 ń dá nǹkan bíi 97 nínú 100 ìtànṣán UVB dúró, 50 ń dá nǹkan bíi 98, pé bí mo ṣe ń fi í para ni kí n wò. Wọ́n ní kí n fi hàn wọ́n. Mo fi hàn wọ́n, wọ́n sì mi orí. Níbi tí wọ́n ti ń wọn SPF, mílígíráàmù 2 ni wọ́n ń fi sí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í sì í fi tó ìdajì rẹ̀. Kí n fà á gùn lórí ìka méjì, fún ojú àti ọrùn, kí n tún un ṣe ní wákàtí méjì-méjì bí mo bá ṣì wà níta. Àti pé kí èyíkéyìí tó kan ojú mi, kí n kọ́kọ́ máa fi díẹ̀ sínú ìgbọ̀nwọ́ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ 7 sí 10. Ìyẹn ni mi ò ṣe rí. Ojú ni mo máa ń fi dán an wò.

Wọ́n fi ọ̀kan kùn mí lẹ́yìn ọwọ́ níbẹ̀. Ó funfun bí eérú. Mo fọwọ́ rà á títí, eérú náà ni. Ni wọ́n bá mú èyí tó ní àwọ̀ jáde, tí wọ́n fi iron oxide, èròjà aláwọ̀ kan, sí, ó sì wọlé sára mi bíi pé kò sí níbẹ̀. Ìyẹn tún ń dí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, tóun náà máa ń mú kí àpá ṣú lára irú awọ wa. Inú mi tún dùn díẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Aṣọ ni mo ṣì fọkàn tán jù. Èyí tí wọ́n bá kọ UPF 50 sí, ìyẹn nọ́ńbà ààbò ti aṣọ, ìdá kan péré nínú 50 ìtànṣán UVA àti UVB ló ń jẹ́ kó kọjá, kò sì ní lọ́fínńdà nínú, àfi ti ọṣẹ tí a fi…

Ọṣẹ ìfọṣọ. Mi ò tíì ro ìyẹn. Kọ́là gbogbo aṣọ mi ló ń fara kan ọrùn mi. Mo máa ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀ lọ́la.

Gbèsè, gbèsè. Agboòrùn ńkọ́? Ohun tó ń bá ni gba oòrùn. Àwọn tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, ta ni wọ́n jẹ? Ó ti pẹ́ tí èèyàn ti ń wá ibòòji, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè. Bóyá ohun tó yẹ kí n yíjú sí obìnrin yẹn kí n sọ nìyẹn. Tàbí kí n sọ fún un pé, màmá, kì í ṣe oòrùn, pé òní ni èmi gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Tàbí kí n kàn kí i. Mi ò mọ̀.

Àbúrò mi wá bá mi fi kànrìnkàn fọ ẹ̀yìn nírọ̀lẹ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ajé. Ó rọra ń yí àwọn ibi tó wú ká. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró jẹ́ẹ́, yíǹkì yìí ò fẹ́ kúrò." Mo sọ ọ̀rọ̀ fèrèsé yẹn fún un, pé mo juwọ́ lọ́jọ́ náà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Mo rí i yín." Ó tún bu omi lé e.