Wọ́n ní mo ń jẹun ní kọ̀rọ̀

Ẹ̀yin tí ìtọ̀ ṣúgà mú lẹ́yìn tí ẹ ti dàgbà, ẹ mọ ojú tí wọ́n fi ń wo èèyàn bí ṣúgà kò bá wálẹ̀. Mò ń lo oògùn déédéé, mò ń rìn láràárọ̀, síbẹ̀ HbA1c mi (àyẹ̀wò tó ń fi bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta hàn) ń gòkè. Dókítà ju ìwé àyẹ̀wò sórí tábìlì. "Màmá, ẹ sọ òótọ́. Kí lẹ ń jẹ lóru?" Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, àwọn tó jókòó níta ń gbọ́. Ọmọ mi tó sìn mí lọ yíjú sí mi, mo sì rí i pé òun náà ti ń fura. Èmi, mo ń búra níwájú ọmọ tí mo bí! Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Dókítà mìíràn ló ní ká yẹ C-peptide wò, èyí tó ń fi iye ínsúlíìnì tí ara ń ṣe hàn nínú ẹ̀jẹ̀. Ó kéré. Mo bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, ṣúgà sì wálẹ̀.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́: ẹ béèrè bóyá pancreas yín, ẹ̀yà ara kan nínú ikùn, ṣì ń ṣe ínsúlíìnì tó. Proinsulin ló kọ́kọ́ ń ṣe, yóò wá gé e sí ínsúlíìnì àti C-peptide ní iye kan náà. Abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì kò ní C-peptide nínú, nítorí náà, tara yín nìkan ló ń fi hàn. Bí iṣẹ́ bá wọ àwọn sẹ́ẹ̀lì pancreas tó ń ṣe ínsúlíìnì lọ́rùn, proinsulin tí wọn kò tíì gé tí wọ́n ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ á máa pọ̀ sí i, bíi télọ̀ tó gbé aṣọ tí kò tíì rán tán fún oníbàárà. Agbára rẹ̀ lórí ṣúgà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ayé àtijọ́ máa ń kà á mọ́ ínsúlíìnì, ni wọ́n bá ń sọ pé ínsúlíìnì wa pọ̀.

Ìkejì fẹ́ẹ̀ jọ ti àkọ́kọ́: ẹ má gbà kí wọ́n pè yín ní òpùrọ́ láìyẹ̀ yín wò. UKPDS, ìwádìí ńlá kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ìtọ̀ ṣúgà oríṣi kejì, rí i pé kí wọ́n tó mọ̀ pé àrùn yìí wà lára èèyàn, nǹkan bí ìdajì agbára sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ti lọ, ó sì ń dínkù sí i bí wọ́n tilẹ̀ ń gba ìtọ́jú. Ṣé oúnjẹ òru ló fa ìyẹn? (Mi ò ní kẹ́ ẹ máa jẹ ohun tó bá wù yín o! Ẹ má sì dá oògùn dúró.)

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe C-peptide, kí wọ́n yẹ ṣúgà yín wò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kíndìnrín bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ sọ fún wọn, torí ó lè mú kí C-peptide ga.