Wọ́n ro ti ẹni tó máa gùn ún

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

A pààrọ̀ ọ́ìlì alùpùpù Honda C70 mi lónìí, a sì tún tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe, ìyẹn irin kékeré tó ń tẹ fáàfù, ilẹ̀kùn tí epo ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì tí èéfín sì ń gbà jáde. Iṣẹ́ náà kò le, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù Bàbá, mẹkáníìkì mi, ní Láfẹ́ńwá ni mo wà títí oòrùn fi kan àtàrí, torí pé ó ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, èmi náà sì fẹ́ gbọ́.

Ọ́ìlì tó dà jáde kò tíì dúdú. Bàbá kì í dúró kó dúdú. Alùpùpù yìí kò ní fíltà oníbébà bíi ti mọ́tò. Asẹ́ onírin kékeré kan ló wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ìdérí kan sì tún wà lára kílọ́ọ̀ṣì (ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ jíà) tó máa ń yí bírí bírí, tí ìdọ̀tí á fi lẹ̀ mọ́ ọn nínú. Ìdọ̀tí tí méjèèjì yìí ò bá mú, inú ọ́ìlì ló ń gbé. Ọ́ìlì ọ̀hún kò sì tó líta kan. Ẹni tó bá ní owó epo, ó ní owó ọ́ìlì Honda, kò sí àwáwí.

Tápẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ dáadáa, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gun alùpùpù nígboro báyìí ni kò tíì rí i kí wọ́n ṣe é. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti tutù pátápátá. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e síbẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ àná. Ẹ́ńjìnnì C70 kò nàró, ńṣe ló dùbúlẹ̀, tó kọjú síwájú. Nítorí náà ìdérí tápẹ́ẹ̀tì kan wà lókè, èkejì wà nísàlẹ̀. Bàbá tú méjèèjì, ó ṣí ẹ̀gbẹ́ òsì níbi tí àgbá irin tó ń yí wà, ó fọwọ́ yí i jẹ́jẹ́ títí àmì T tó wà lára rẹ̀ fi bá ojú ìlà mu. Ó fi ìka rẹ̀ mi tápẹ́ẹ̀tì méjèèjì wò bóyá wọ́n ń mì. Wọ́n ń mì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ìsàlẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mì. Ìgbà yẹn ló tó mú irin pẹlẹbẹ kan jáde láti inú àkísà tó fi wé e, èyí tó fẹ́lẹ́ débi pé tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ á gbọ̀n. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.05. Ó tì í bọ àárín tápẹ́ẹ̀tì àti fáàfù, ó fà á síwá sẹ́yìn, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ náà fà á.

“Kí lo gbọ́?”

“Kò dún, Bàbá.”

“Mi ò ní kó o fetí gbọ́ ọ. Ọwọ́ ni kó o fi gbọ́ ọ. Ṣé ó ń yọ̀ gbọ̀rọ̀ ni àbí ó ń lọ́ra díẹ̀?”

Ọmọ náà fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní ó ń lọ́ra díẹ̀. Bàbá ní ibi tó yẹ kó wà nìyẹn. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ló ti fún ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fi sípáànà kékeré tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, ó yí i díẹ̀ báyìí, ó fún un padà, ó tún wọ̀n ọ́n, torí fífún nọ́ọ̀tì padà máa ń sún un kúrò lójú ibi tó wà.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi dún nígbà tí mò ń gùn ún, tó bá jẹ́ pé ó ti bàjẹ́. Ó ní, “Ọmọ mi, tápẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ jù ló ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Èyí tó fún jù kì í dún. Fáàfù ò ní padé dé ojú ẹ̀ mọ́, iná á máa gba ibẹ̀ jáde, á sì jó o.” Òótọ́ ni. Láràárọ̀ ni mo ti ń ṣàkíyèsí pé ó ń le láti ṣáná, mo sì rò pé kábúrétọ̀ ni.

Bí mo ṣe ń wo ọwọ́ Bàbá, ohun tó ń wá sí mi lọ́kàn ni pé kò sí ohun kan lára alùpùpù yìí tó fara pamọ́ fún ẹni tó máa tún un ṣe. Sípáànà mélòó kan, irin pẹlẹbẹ kan, àkísà. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé Honda àtijọ́ kì í bàjẹ́. Ó ń bàjẹ́ o. Ohun tó mú un pẹ́ ni pé nígbà tó bá bàjẹ́, èèyàn lè tún un ṣe níbi yòówù kó bàjẹ́ sí. Ẹni tó ṣe é ti ro ti ẹni tó máa gùn ún, ó tún ro ti ẹni tó máa tú u palẹ̀.

Ìtàn bí wọ́n ṣe ṣe é fi hàn bẹ́ẹ̀. Ní 1956, Soichiro Honda, tó jẹ́ onímọ̀ ẹ́ńjìnnì, àti Takeo Fujisawa, tó ń bójú tó ọjà àti owó ilé iṣẹ́ wọn, jọ rìnrìn àjò lọ sí Yúróòpù. Wọ́n wo àwọn alùpùpù kéékèèké tí wọ́n ń gùn ní Jámánì àti láwọn ibòmíràn, kò sì sí èyí tí Fujisawa gbà pé ó bá Japan mu. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà Japan nígbà náà ni kò ní ọ̀dà. Táyà Vespa àti irú rẹ̀ kéré, inú kòtò ló ń rì sí. Ó fẹ́ alùpùpù tí ọmọ ilé oúnjẹ tó ń gbé soba, irú núdùùsì kan, lọ fún oníbàárà á lè fi ọwọ́ kan gùn, kí ọwọ́ kejì gbé àwo. Ó fẹ́ èyí tí obìnrin á gùn láìgbé ẹsẹ̀ sókè.

Nígbà tí ọjà náà jáde ní oṣù kẹjọ 1958, orúkọ rẹ̀ ni Super Cub C100, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ cc 49, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹṣin 4.5. Gbogbo ohun tí Fujisawa béèrè ló wà lára rẹ̀. Wọ́n mú kílọ́ọ̀ṣì kúrò lọ́wọ́ òsì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń sáré ni kílọ́ọ̀ṣì ń dì mú fúnra rẹ̀, bó bá sì rọlẹ̀, á tú sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ń yí jíà: ìka ẹsẹ̀ tẹ iwájú, gìgísẹ̀ tẹ ẹ̀yìn, kí orí bàtà má baà bó. Táyà rẹ̀ tóbi, íńṣì 17. Ṣéènì wà nínú àpótí irin, eruku ò rí i jẹ. Wọ́n fi ike ṣe ìbòrí iwájú ẹsẹ̀, kí ẹrẹ̀ àti òjò má baà ta sára ẹni. Wọ́n sì gbé ọ̀nà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì lọ sókè nítòsí ọrùn ọwọ́ alùpùpù, jìnnà sí eruku tí táyà ń tú sókè. Lọ́dún yẹn, ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ epo pọ̀ mọ́ ọ́ìlì ló wọ́pọ̀ lára alùpùpù kékeré, èyí tó ń rú èéfín láàárọ̀. Honda kọ̀ ọ́. Ọ̀tọ̀ ni epo wà nínú Cub, ọ̀tọ̀ ni ọ́ìlì.

Fujisawa ní òun á ta 30,000 lóṣù. Nígbà tó sọ ọ́, nọ́ńbà tó ń bani lẹ́rù ni. Ní 1960 wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ sí Suzuka nítorí rẹ̀. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn ni wọ́n ti ṣí ọ́fíìsì sí Los Angeles láti ta àwọn alùpùpù ńlá, àmọ́ èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń gùn kiri fún iṣẹ́ àárín ìgboro, cc 50 kékeré yìí, ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń béèrè. Ní 2017, gbogbo Super Cub tí wọ́n ti ṣe láyé pé mílíọ̀nù 100. Kò sí ọkọ̀ mìíràn tó ní ẹ́ńjìnnì, yálà ẹlẹ́sẹ̀ méjì tàbí mẹ́rin, tí wọ́n tíì ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ní 2025, wọ́n dá ṣíṣe oní-cc 50 dúró ní Japan nítorí òfin èéfín. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oní-cc 110 àti 125 ṣì ń bọ̀ jáde.

Ìyá mi gun Honda. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni, àwọn abúlé ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá ni wọ́n pín in sí. Aṣọ nọ́ọ̀sì funfun tó gùn kọjá orúnkún ló ń wọ̀, táńkì epo Honda sì wà lábẹ́ ìjókòó, kì í ṣe níwájú, nítorí náà ńṣe ló kàn ń gba àárín wọlé bí ẹni ń wọ ẹnu ọ̀nà. Àpò irinṣẹ́ ìgbẹ̀bí á wà nínú agbọ̀n iwájú. Mo rántí bí ìbòrí ike yẹn ṣe máa ń kún fún ẹrẹ̀ pupa, tí ìbọ̀sẹ̀ funfun rẹ̀ á sì mọ́ roro. Ọmọ kì í dúró kí ọ̀nà gbẹ kí wọ́n tó bí i. Tí wọ́n bá wá kan ilẹ̀kùn lóru, mo máa ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí kíkì, mo sì máa ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Kò sí ẹni tó gbàdúrà lórí alùpùpù yẹn kó tó ṣiṣẹ́. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí ìdí tí mo fi fẹ́ràn Honda, ìdí tí mo ní nìyẹn. Ilé tí wọ́n ti ń retí ẹni tó ń bọ̀, ó dé ibẹ̀.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ CG125, alùpùpù Honda mìíràn, kún un, torí òun ni mo rò pé ó fi ìwà àwọn ẹnjiníà yìí hàn jù. Wọ́n rí i pé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí alùpùpù ti jẹ́ irinṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, ẹni tó ń gùn ún kì í sábà ráyè pààrọ̀ ọ́ìlì, kì í fún ṣéènì, a sì máa di ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Wọn ò kọ ìwé ìkìlọ̀ pé kí àwọn èèyàn yí ìwà padà. Alùpùpù ni wọ́n yí padà. Nínú ẹ́ńjìnnì tó ní kámù (irin tó ń yí, tó ń ṣí fáàfù) lókè, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ gun òkè dé ibẹ̀, ṣéènì kékeré kan sì gbọ́dọ̀ máa yí kámù náà. Tí ọ́ìlì bá ti bàjẹ́, àwọn méjèèjì yìí ló ń kọ́kọ́ jẹ ìyà. Nínú CG125 tó jáde ní 1976, wọ́n gbé kámù wá sísàlẹ̀ níbi tí ọ́ìlì wà, wọ́n yọ ṣéènì kékeré yẹn kúrò, wọ́n fi jíà rọ́pò rẹ̀, ojú kámù kan ṣoṣo ló sì ń ṣí fáàfù méjèèjì nípasẹ̀ ọ̀pá irin méjì. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Manaus, ní Bùràsíìlì. Wọ́n ṣì ń ṣe CG125 ní Pakistan. Àwọn ẹ̀dà tí àwọn ará Ṣáínà ṣe láti ara rẹ̀ ló gbé ọ̀pọ̀ wa lọ síléèwé, lọ sọ́jà, lọ sílé ìwòsàn nílẹ̀ yìí, èèyàn mẹ́ta, mẹ́rin lórí ẹyọ kan.

Àwọn kan wà báyìí tó ń ra Honda àtijọ́, tí wọ́n á fọ́n ọ̀dà sí i, wọ́n á dán irin rẹ̀ kó máa kọ mànà, wọ́n á sì gbé e sí pálọ̀. Mi ò bá wọn jà, owó wọn ni. Àmọ́ àánú Honda wọn máa ń ṣe mí. Epo inú kábúrétọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ ń dì, rọ́bà ń gbó, táyà ń là. Nǹkan tí wọ́n ṣe láti máa rìn, ìrìn ló ń pa á mọ́. Ìdí mìíràn tún wà: bí a bá ń gùn wọ́n, àwọn tó ń ta pátì á máa rí ìdí láti kó wọn wá, àwọn ọmọ iṣẹ́ bíi ti Bàbá á sì máa rí èyí tí wọ́n á fi kọ́ṣẹ́. Ọmọ yẹn kò mọ̀ títí di òní pé èèyàn lè fi ọwọ́ gbọ́ tápẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí a da ọ́ìlì tuntun sí i tí a sì ti gbogbo ìdérí, Bàbá ní kí ọmọ náà ta kíkì. Ó ta á, ó sì gbà lójú ẹsẹ̀. Ìró rẹ̀ tún ti rẹlẹ̀ bó ṣe yẹ, pọ̀tọ̀ pọ̀tọ̀ pọ̀tọ̀, láìsí ikọ́.

Kò tíì parí o. Bàbá fọwọ́ gbọn táyà ẹ̀yìn, ó ní rọ́bà tó wà nínú họ́ọ̀bù, èyí tó ń gba agbára ṣéènì kó má baà já kẹ́ṣẹ́, ti le bí irin. Bíréèkì ẹ̀yìn náà ti jẹun dé ẹ̀gbẹ́. Ó ní kí n má ra rọ́bà kankan kí n tó mú un wá kí òun fi èékánná tẹ̀ ẹ́ wò, torí àwọn kan wà lọ́jà tó jẹ́ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe wọ́n ni wọ́n ti le. Lọ́jọ́ Ajé màá lọ wò ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta pátì ní Kútọ̀. Tí mi ò bá rí i níbẹ̀, màá sọdá sí Ìbàdàn.