Lọ́dún yìí, mo dúró ṣe Oore-Ọ̀fẹ́

Ọdún mẹ́jọ gbáko ni mi ò fi dúró ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ ohun tí mò ń wí: ìgbà tí ìsìn bá fẹ́ parí, tí gbogbo ìjọ dìde, tí oníkálukú kọjú sí ẹni tó wà nítòsí rẹ̀, tí wọ́n ń wí pé, "Oore-ọ̀fẹ́ Jésù Krístì Olúwa wa, àti ìfẹ́ Ọlọ́run, àti ìdàpọ̀ Ẹ̀mí Mímọ́, kí ó wà pẹ̀lú wa." Bí wọ́n bá ti dá orin ìkẹyìn, èmi ti dìde. Àga tó kángun sẹ́nu ọ̀nà ni tèmi. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé ẹni tó bá wojú mi lásìkò yẹn á mọ̀ pé àdúrà náà ṣìnà, pé kì í ṣe irú mi ló tọ́ sí.

Nítorí náà, nígbà tí mo jókòó láti yẹ ọdún yìí wò, kì í ṣe owó tó wọlé tàbí iṣẹ́ tó yọrí ni mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ohun tí mo kọ ni pé: mo dúró.

Nínú ilé tí mo dàgbà sí, àgbàlagbà kan wà tó máa ń sọ pé ká ní wọ́n bi òun léèrè ni, wọn ò bá má bí mi. Ó sọ ọ́ títí tí kò fi nílò láti sọ ọ́ mọ́, nítorí èmi fúnra mi ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Mo ní ìwé kékeré kan tí mò ń kọ ọ́ sí: ibi iṣẹ́ tí wọn ò ti gbà mí, ọ̀rẹ́ tí kò dáhùn mọ́, àpèjẹ tí wọn ò pè mí sí. Èmi ni olùpẹ̀jọ́, èmi ni ẹlẹ́rìí, èmi náà sì ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Nínú oṣù kẹta ọdún yìí, ẹni tí a jọ ń múra ìgbéyàwó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé òun ò ṣe mọ́. Ìlà méjì péré. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé kò yà mí lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ méje ni mi ò fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méje yẹn ni mo tún ka ìtàn obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ nínú Máàkù orí 5. Ọdún 12 ló fi wà bẹ́ẹ̀. Ó ti ná gbogbo ohun tó ní sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn, ńṣe ló sì ń burú sí i. Lábẹ́ òfin inú Léfítíkù orí 15, ẹni tó bá fọwọ́ kan ibùsùn rẹ̀ lásán ti di aláìmọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ ro ohun tí irú èyí ń sọ inú ènìyàn dà fún ọdún 12. Ìdí nìyẹn tó fi gba ẹ̀yìn wá. Ó fẹ́ fọwọ́ kan aṣọ, kó gba ìwòsàn, kó sì rọra bá tirẹ̀ lọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ náà dá lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ni àìsàn rẹ̀, ìtàn ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Jésù dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Jáírù, tí ó ń lọ wò sàn, ń kú lọ níwájú, ó ní, "Ta ni ó fọwọ́ kan aṣọ mi?" Kò lọ títí obìnrin náà fi jáde wá pẹ̀lú ìwárìrì, tó sọ gbogbo òtítọ́ fún un. Ó wá pè é ní "Ọmọbìnrin" níṣojú gbogbo èrò tó ti ń sá fún. Mo pa Bíbélì dé, mo sunkún. Ẹni tó ń gba ẹ̀yìn wá, tó sì fẹ́ gba ẹ̀yìn lọ, èmi nìyẹn.

Ẹ gbà mí láàyè kí n sọ èrò mi nípa bí a ṣe ń wàásù fún ẹni tí wọ́n kọ̀. A fẹ́ràn láti sọ fún un pé Ọlọ́run á gbé e ga débi tí àwọn tó kọ̀ ọ́ á fi wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo gba àdúrà yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò wo ọgbẹ́ kankan sàn. Ńṣe ló so ojú mi mọ́ ara àwọn tó kọ̀ mí, bí ẹni pé àwọn ni yóò padà wá sọ iye tí mo jẹ́.

Mefibóṣẹ́tì inú Bíbélì, ọmọ Jónátánì, ọmọ-ọmọ Sọ́ọ̀lù ọba, ló là mí lójú. Ọmọ ọdún 5 ni nígbà tí ìròyìn ikú Sọ́ọ̀lù àti Jónátánì dé. Olùtọ́jú rẹ̀ gbé e sá lọ, ó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yarọ. Obìnrin yẹn ò kórìíra ọmọ náà. Ìjayà ló ń sá fún. Mo ti ń ronú láti ìgbà náà pé bóyá nǹkan kan ń lé àgbàlagbà ilé wa náà. Èyí ò sọ ọ̀rọ̀ tó sọ di ohun tó dára, ẹ̀dùn rẹ̀ sì wà lára mi síbẹ̀, àmọ́ mo ti lè dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà.

Nígbà tí Dáfídì jọba tó sì bèèrè ẹni tó ṣẹ́ kù ní ilé Sọ́ọ̀lù tí òun lè ṣe oore Ọlọ́run fún, nítorí Jónátánì, ohun tí Síbà, ìránṣẹ́ ilé Sọ́ọ̀lù, sọ ni pé ọmọ Jónátánì kan wà, ó yarọ ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Dáfídì ò bèèrè ohunkóhun nípa ẹsẹ̀. Ó ní, "Níbo ni ó wà?" Wọ́n mú un wá láti Lódébárì, ó sì pe ara rẹ̀ ní òkú ajá. Ọba ò bá a jiyàn. Ó yíjú sí Síbà, ó ní ọmọ yìí yóò máa jẹun níbi tábìlì òun. Ẹ wo gbólóhùn tó parí orí kẹsàn-án yẹn nínú Sámúẹ́lì Kejì: ó ń jẹun níbi tábìlì ọba nígbà gbogbo, ó sì yarọ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ẹsẹ̀ ò tíì san, ó ti jókòó. Láti ọdún tó ti pẹ́ ni mo ti ń dúró kí ẹsẹ̀ san ná.

Dáfídì náà ti bèèrè pé "Ta ni èmi?" ní orí méjì ṣáájú ìyẹn, ṣùgbọ́n ó ń dúpẹ́ ni: ta ni èmi, Olúwa, tí o fi mú mi dé ibí? Ẹsẹ Bíbélì yẹn, bó ṣe wà nínú Kíróníkà Kìíní orí 17, ni John Newton fi wàásù ní Olney nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1773. Ọkùnrin tó ti jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ òkun tó ń kó ẹrú rí nìyẹn, tó jókòó wo ọdún tó kọjá. Ìbéèrè kan náà ni mo ti ń bi ara mi láti kékeré, àmọ́ mi ò fi "Olúwa" sí i.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo padà sórí àga ẹnu ọ̀nà. Ìyá kan nínú ìjọ, tó máa ń jókòó níwájú, kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó wá jókòó tì mí. Kò fà mí lọ síwájú, kò sì wàásù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, nígbà tí wọ́n dá orin ìkẹyìn, mo fẹ́ dìde, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọmọ mi, ó ku oore-ọ̀fẹ́." Mi ò lè wojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ ni mò ń wò títí a fi ṣe "Àmín."

Ọ̀pọ̀ nǹkan ò tíì parí. Mo ṣì ń bá olùgbaninímọ̀ràn kan sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì, Ọlọ́run ló sì ń lò ó fún mi, mi ò tijú láti sọ ọ́. Ìwé kékeré yẹn wà nínú dúrọ́ọ̀ síbẹ̀. Mi ò tíì lè sun ún. Mi ò kàn tíì kọ nǹkan sínú rẹ̀ láti oṣù kẹjọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí àga ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe dá orin ìkẹyìn, ó ti jáde. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, mi ò rí i mọ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀yìn ni mo máa jókòó.