Ọmọ Ń Sunkún, Omijé Ò Jáde: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lọ́wọ́ Ìgbẹ́ Gbuuru

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ Àjàṣẹ́, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ náà ṣì gbóná lára mi, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó tó tutù. Gbogbo wa la máa ń kó ọmọ lọ sétí òkun ní Sẹ̀mẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Gbogbo wa la máa ń ra ẹja díndín níbẹ̀, tí ọmọ á sì fi ọwọ́ tó fi gbẹ́ yanrìn mú un jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí mo jẹ́ kó jẹ ẹ́, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀.

Ọjọ́ kejì tá a dé, ọmọ mi, ọmọ ọdún kan àti oṣù mẹ́ta, ti yàgbẹ́ omi lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí oòrùn tó kan àtàrí. Ó tún ń bì. Ìyá ọkọ mi ní kí n má fún un lómi mọ́, pé ohun tó ń mu náà ló ń yà. Ẹ má bínú sí màmá, bí wọ́n ṣe bá a nílé nìyẹn. Èmi náà gbà, torí ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú mi. Àṣé omi ara ọmọ gan-an ló ń dà nù. Ẹ fún un, ẹ má fún un, á máa jáde. Tẹ́ ò bá sì fún un, kò sóhun tó máa dípò rẹ̀.

Nígbà tí mo wá rántí SRO tí mo rà ní fámásí, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà inú ìdì tí wọ́n ń po mọ́ omi fún ọmọ tó ń yàgbẹ́, mo já gbogbo rẹ̀ sínú píọ̀ wọ́tà kan ṣoṣo. Lítà kan ni wọ́n kọ sára ìdì SRO yẹn, ìdajì lítà sì ni píọ̀ wọ́tà. Ó wá níyọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo gbé ife sí i lẹ́nu, òǹgbẹ ti ń gbẹ ọmọ, ó gbé e mì gbuu-gbuu, ó sì bì í sí mi láyà pátá. Mo ní oògùn náà ò bá a lára mu. Mo gbé e tì.

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán ló ṣẹlẹ̀. Ó ń sunkún, mo na ìka láti nu ojú rẹ̀, ìka mi gbẹ. Mo nu ojú kejì, ó gbẹ. Ọmọ ń ké, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, itọ́ ibẹ̀ ń fà bí ilá, kò sí omijé kan. Mo fọwọ́ kan àwùjẹ̀ rẹ̀, ó ti wọnú. Ìlédìí tí mo ti wọ̀ fún un láàárọ̀ kò ní ìtọ̀ nínú. Mo fi ìka méjì fún awọ ikùn rẹ̀ pọ̀, mo fi sílẹ̀. Awọ náà dúró bí aṣọ tí wọ́n ká, mo ka ení, mo ka èjì, kó tó rọra padà. Ẹkún náà wá ń fúyẹ́. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí ẹkún ṣe ń fúyẹ́.

Zém, ọ̀kadà wa níbí, ló gbé wa dé ilé ìwòsàn. Mo rò pé abẹ́rẹ́ ni, tàbí omi tí wọ́n máa ń fà sí ọwọ́. Nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n, kílò 9, ó wò ó bóyá ó ṣì lè gbé nǹkan mì, ó rí i pé ó lè gbé e. Ó bá béèrè ife àti ṣíbí tíì. Ó po SRO náà sínú lítà kan, ó ní mílílítà 75 fún kílò kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí mẹ́rin, ìyẹn 675. Ṣíbí tíì kan jẹ́ mílílítà 5. Ó di ṣíbí 135. Ṣíbí kan, ká ka 60, ṣíbí mìíràn. Ó bì í lẹ́ẹ̀kan, a dúró fún ìṣẹ́jú 10, a tún bẹ̀rẹ̀, a wá ń fún un lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú méjì-mẹ́ta. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó tọ̀ sí mi lára. A lọ sílé.

Ṣíbí yẹn ni mo bá wá síbí o. Ọmọ tó ń bì lè bì ife kan, àmọ́ inú rẹ̀ máa ń gba ṣíbí kan. Má fi fídà fún un, má jẹ́ kó gbé e mu fúnra rẹ̀ bó ti wù kó sunkún tó. Òǹgbẹ máa jẹ́ kó gbé e mì kíá, kíá yẹn ló ń fa èébì, èébì ló ń jẹ́ kí ìyá gbé oògùn tì bí mo ṣe gbé e tì. Ṣúgà inú rẹ̀ ló ń mú iyọ̀ wọ ara láti inú ìfun, omi á sì tẹ̀lé wọn. Ìdí nìyẹn tí omi lásán kò fi tó. Tí ṣúgà bá wá pọ̀ jù, bíi ti mínírà, omi ara ló máa fà wá sínú ìfun, ìgbẹ́ á tún le sí i.

Píọ̀ wọ́tà méjì fún SRO kan. Ẹ ka ohun tó wà lára ìdì tiyín o. Èyí tó bá kù lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dà á nù.

Tí kò bá sí SRO nílé, tí ilẹ̀ sì ti ṣú: lítà omi kan tẹ́ ẹ sè tó tutù, ṣíbí tíì ṣúgà 6, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ gbá orí ṣíbí kó tẹ́jú. Ṣúgà onígun, ẹ gún un kó kúnná kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó fún un: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ.

Wọ́n fún mi ní hóró oògùn tí wọ́n ń pè ní zinc náà, mílígíráàmù 20, ẹyọ kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ìdajì. Inú ṣíbí ló ti ń yòrò. Ìgbẹ́ dá lọ́jọ́ kẹta, mo ti fẹ́ dá zinc náà dúró, kí ẹ má dá a dúró. Oògùn tó ń di ìgbẹ́ tí ẹnì kan fẹ́ tà fún mi lójú ọ̀nà, mi ò rà á. Kì í ṣe tọmọdé. Ọmú kò dúró, àkàsà àti ọbẹ̀ kò dúró.

Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ọmọ tí kò lè mu mọ́, ọmọ tó rọ tí kò dáhùn: ẹ gbéra, ẹ má dúró ka ṣíbí. Tó bá ṣì ń gbé e mì, ẹ máa fún un lórí zém.

Wọ́n á ní òkun ló fà á. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ àmù ilé wa náà wà níbẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń ti ife pẹ̀lú ọwọ́ bọ̀. Mo ti so igbá onírù gígùn mọ́ ọn báyìí. Ìgbẹ́ ọmọ tí a máa ń sọ pé kò ní nǹkan, ṣáláńgá là ń dà á sí, ọṣẹ sì wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ àbúrò ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ omi. Mo wọlé bá màmá lórí àpótí, ọmọ lẹ́sẹ̀, ife lọ́wọ́. Mo kí wọn, wọn ò dá mi lóhùn, wọ́n kàn ń ka nǹkan lábẹ́ ètè. Nígbà tó pẹ́, wọ́n gbójú sókè: “Ìwọ lo jẹ́ n ṣì í kà yìí. Ṣé 41 ni àbí 42?”