Ẹ má dúró dìgbà tí ìrora eyín yíyọ bá dé

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí eyín yíyọ ni pé ìgbà tí a lo oògùn ṣe pàtàkì ju bí oògùn náà ṣe lágbára tó lọ. Abẹ́rẹ́ tó mú ẹnu kú tìpìrì máa ń ṣí láàárín wákàtí 2 sí 4. Kó tó ṣí ni kí ẹ ti mu ògì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ sì lo oògùn lé e.

Fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, parasitamọ́ọ̀lù 500 mg méjì àti ibuprofen 400 mg kan ni, papọ̀, ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ, fún ọjọ́ 2 tàbí 3. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra, ìyẹn ni wọ́n fi ń ran ara wọn lọ́wọ́. Tramadol ò sàn jù wọ́n lọ fún ìrora yìí. Òòyì àti èébì ló ń fà, ó sì ń di bárakú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín, asthma, tàbí tó lóyún, kó fi ibuprofen sílẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni oògùn àpòpọ̀ tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá kékeré fún èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù. Diclofenac, piroxicam, ibuprofen: ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ lo méjì papọ̀, ìrora ò ní tìtorí rẹ̀ lọ kíákíá, ikùn ni yóò dá egbò sí. Ẹ má sì fi aspirin sórí èrìgì, ó ń bó o ni.

Lọ́jọ́ kìíní, ẹ fi aṣọ wé omi ọ̀rá tó ti di yìnyín, ẹ gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ gbé e kúrò fún 15. Ẹ̀yin ará Èkìtì, mo mọ bí iyán ṣe jẹ́ fún wa, ṣùgbọ́n iyán gbígbóná pẹ̀lú ọbẹ̀ tó ń hó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í sun. Ẹ jẹ́ kó tutù. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ po ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ ife omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ kan. Ẹ gbà á sẹ́nu, ẹ má fi ṣan ẹnu kíkankíkan, ẹ má tu ú jáde pẹ̀lú agbára. Ẹ kàn dorí kodò kó ṣàn jáde.

Tí ìrora bá ń le sí i lọ́jọ́ kẹta tàbí kẹrin, tó ń ta dé etí, tí ẹnu ń rùn, ẹ̀jẹ̀ dídì tó bo ihò náà ló ti ṣí kúrò. Sìgá àti fífa nǹkan mu sábà máa ń fà á. Dókítà eyín ni yóò fọ ibẹ̀, tí yóò fi oògùn dí i. Bí ọ̀fun bá ń wú tí itọ́ ò ṣeé gbé mì, ẹ má dúró dìlẹ̀ mọ́, ẹ gba ilé ìwòsàn ńlá ní Adó tàbí Ìdó lọ lóru náà.