Jímọ́ọ̀ mọ́kànlá ní Kwali

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o. Bí n bá ní kí n ka gbogbo ohun tí ojú mi rí ní 2025, ilẹ̀ á ṣú. Owó ilé gòkè, mọ́tò wọ ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lẹ́ẹ̀mẹrin, ọmọ wọ girama. Ti Kwali, ìjọba ìbílẹ̀ kan l'Ábújá níbí tí mo ti lọ bá ilé ìwòsàn kan ṣiṣẹ́, ni mo fẹ́ sọ.

Iṣẹ́ sítọ̀ ni mò ń ṣe fún àwọn tó ń ta mínírà l'Ábújá níbí. Ní Oṣù Kìíní, wọ́n ní kí kálukú wa fi Jímọ́ọ̀ kan lóṣù ṣe iṣẹ́ tó mọ̀ fún ilé ìwòsàn alábọ́dé, lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Pfizer tó ń ṣe oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í rán òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀ ní 2003, GSK tí òun náà ń ṣe oògùn bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2009, oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà sì ni tiwọn. Tiwa, ọjọ́ kan péré, tó bá sì di agogo méjìlá ààbọ̀, ọ̀pọ̀ ti gba mọ́ṣáláṣí lọ. (Lọ́dún tó kọjá, ògiri la lọ kùn. A ya fọ́tò gan-an. Ọ̀dà náà ti ń bó.)

Mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ, mo ti to Excel aláràbarà tí wọ́n á fi máa ka oògùn wọn sílẹ̀. Iná ò sí. Oṣù Kejì, bákan náà. Ní Oṣù Kẹta, bátìrì kú mọ́ mi lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Ọ̀fà wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Tẹ́ ẹ bá lọ tán, ta ló máa máa tẹ nǹkan yìí?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo padà sí ohun tí wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́: káàdì páálí tí a fi okùn so mọ́ pákó. Ohun tó wọlé, ohun tó jáde, ohun tó kù. Oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ pé, iwájú ni kó wà.

Ibi tí a ti ń kọ káàdì l'Óṣù Kẹrin ni nọ́ọ̀sì ti fa páálí kékeré kan yọ lẹ́bàá fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Oxytocin ni, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé inú òtútù ìwọ̀n 2 sí 8°C ni kó máa wà. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, bí ìyá tó ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná.

Èmi ni mo ka páálí yẹn l'Óṣù Kejì. Mo kọ 24, mo dá a padà sójú oòrùn. Mínírà tó gbóná, èèyàn á mu ún, á kàn rojú ni.

Ìlà àkọ́kọ́ lórí káàdì oxytocin wá di: 24, a kó o dànù. Firíjì àjẹsára tí sólà ń gbé wà ní yàrá kejì, kò kún. Ẹni tó ń mójú tó o kọ́kọ́ yarí, Hajiya tó jẹ́ ọ̀gá wọn ló dá sí i kó tó fún wa láyè.

Nígbà tí mo dé l'Óṣù Kọkànlá, káàdì yẹn ti kún lójú méjèèjì. Nọ́ọ̀sì ti gé òmíràn lára páálí ìndómì, ó ti fà á nílà. Ìlà náà wọ́. Mi ò fọwọ́ kàn án.