Ẹ má kọ àná lẹ́ẹ̀mejì

Èmi ni mo máa ń ka prúùfù ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Àwọn ọmọ tó wà nídìí CorelDRAW á tẹ iṣẹ́ jáde sórí bébà lásán, èmi á fi báírò pupa gba inú rẹ̀ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn onímáṣíìnì. Ìwé ìpè ìgbéyàwó kì í yọ mí lẹ́nu, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Prógíráàmù òkú ló ń mú mi pẹ́ délé, pàápàá ojú ewé tí wọ́n kọ ìtàn ìgbésí ayé olóògbé sí.

Èyí tí mo ń rí jù rèé: "Mama did not joked with her prayers." Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àná lòun ń sọ, ló bá fi "ed" sí i kó lè dájú. Ṣùgbọ́n "did" ti gbé àná dání. Tí "did" bá ti wọlé, ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé e ò nílò àmì kankan mọ́: did not joke, did not go. Ìbéèrè náà ò yàtọ̀, "Did she come?" ni, kì í ṣe "Did she came?" Bákan náà ni "does", ó ti gba "s" mọ́ra, torí náà "she does not know" la ó kọ, láìsí "s" kejì. Ní ti "joke with", Gẹ̀ẹ́sì tiwa níbí ni, mi kì í fọwọ́ kàn án. Ta ló fẹ́ bá ọlọ́fọ̀ jà nítorí ìyẹn?

Ẹ má pe àwọn tó ń ṣì í ní olódo o. Yorùbá tí wọ́n fi gbọ́n kì í yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà. Àwọn tó ṣe Yorùbá ní WAEC á rántí àsìkò afànámónìí. "Mo ra ẹja", ẹja ti wà nínú ìkòkò nìyẹn. "Mo mọ ilé wọn", ìsinsìnyí lò ń sọ, bẹ́ẹ̀ kò sí àmì kankan lára èkíní tàbí èkejì. Ohun tí èèyàn ṣe ni "rà", ipò tí èèyàn wà ni "mọ̀", ìyẹn ló ń jẹ́ ká mọ ìgbà. Òyìnbó ò gbà bẹ́ẹ̀: I bought, I know. Lára ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ló ti ń wá àná.

Àmì ọ̀hún tún máa ń sá fún etí. "Ed" inú "begged" ń dún bíi "d", ti "washed" ń dún bíi "t", ti "wanted" ló ń dún ketekete bíi "id". Ahọ́n wa tí kò mọ kọ́ńsónáǹtì ní ìparí ọ̀rọ̀ á wá gbé e mì. Ìdí nìyí tí "Papa use to sing in the choir" ò fi tán lórí tábìlì mi: "d" inú "used" àti "t" inú "to" ti wọnú ara wọn. Go, went, sing, sang: kò sọ́nà àbùjá níbẹ̀, àkọ́sórí ni. "Went" fúnra rẹ̀, ọwọ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tó ń jẹ́ "wend" ni "go" ti gbà á. Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun rọrùn, "ed" ni wọ́n ń gbà, títí dórí "photocopied" àti "googled".

Ibi tó gba sùúrù ni ibi tí àná àti òní ti pàdé. Bùọ̀dá kan wá láti Bàrígà, wọ́n gbé prúùfù ìyá wọn síwájú mi, wọ́n na ìka sí "She was a mother of six."

"Àǹtí, ẹ bá mi yọ 'was' yìí. Ṣé wọn kì í ṣe ìyá wa mọ́ ni?"

"Bùọ̀dá, ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ìyá yín náà ni. Ṣùgbọ́n ohun tí olóògbé jẹ́ àtohun tí wọ́n ṣe, àná ni Gẹ̀ẹ́sì ń kó gbogbo ẹ̀ sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ́kù lẹ ni òní."

Wọn ò dáhùn. Mo fi báírò tọ́ka sí ìlà tó kẹ́yìn, "She is survived by six children." "Is" ló wà níbẹ̀, torí àwọn ọmọ wà láàyè. Ilé tí Màmá kọ́ sí Ìkòròdú, "built" ni. Pé ilé náà ṣì wà lórí ìdúró, "stands" ni. Wọ́n tún ojú ewé yẹn kà látòkè délẹ̀, wọ́n wá ní kí n fi ìlà kan sí i: "We are her children." Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Nígbà tí ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ ẹ́ jáde, "We were" ló gbé wá. Mo dá a padà fún un.